Penda ti Mercia, àti ohun tí ọ̀tá rẹ̀ kò lè fi pamọ́

Ọba márùn-ún ló kú sójú ogun tí Penda, ọba Mercia ní ilẹ̀ tí a ń pè ní England lónìí, jà láàárín ọdún 633 sí 654: Edwin àti Oswald tí wọ́n jẹ ní Northumbria, àti Sigeberht, Ecgric àti Anna tí wọ́n jẹ ní East Anglia. Ó tún lé ọba kẹfà, Cenwalh ti Wessex, kúrò nílùú fún ọdún mẹ́ta gbáko. Ọkùnrin tó ṣe gbogbo èyí kò fi ìwé kankan sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí akọ̀wé láàfin rẹ̀ tí a mọ̀ pé ó kọ ìtàn rẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí a mọ̀ nípa rẹ̀ ti ọ̀dọ̀ Bede wá, mọ́ǹkì kan ní Jarrow ní Northumbria, tó parí ìwé ìtàn tó kọ nípa ìjọ Ọlọ́run láàárín àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 731. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo irú ẹlẹ́rìí tí a ní. Ọmọ ilẹ̀ tí Penda kó lógun léraléra ni, Kristẹni tó gbà tọkàntọkàn pé ẹni mímọ́ ni Oswald ni, òun náà la sì ní láti bi léèrè nípa ọba abọ̀rìṣà tó pa Oswald.

Irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí àwa tí a ń gbé Òkè Ọya. Yunfa, Sarkin Gobir, tí àwọn ọmọ ogun Shehu Usman dan Fodio pa ní Alkalawa ní ọdún 1808, ẹnu àwọn tó ṣẹ́gun rẹ̀ la ti gbọ́ èyí tó pọ̀ jù nípa rẹ̀. Muhammad Bello, ọmọ Shehu, wà lára àwọn tó kọ ìtàn ogun náà sílẹ̀, ó sì kọ ọ́ bí ẹni tó borí ṣe ń kọ̀tàn. Nígbà tí mo bá ń ka ìtàn Yunfa, àwọn ibi tí òǹkọ̀wé ti sọ ohun tí kò ṣe ẹjọ́ tirẹ̀ láǹfààní ni mo máa ń wá, nítorí ibẹ̀ ni òtítọ́ ti máa ń yọjú. Ọ̀nà kan náà ni mo gbà ka Bede lórí ọ̀rọ̀ Penda. Ohun tí mo rí ni pé apanirun kèfèrí tí Bede fẹ́ kí a kórìíra kò bá àwọn ìwà tí Bede fúnra rẹ̀ ròyìn pé ó hù mu. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Bede sunkún púpọ̀ lórí Oswald, ṣùgbọ́n ó ríran.

Kí a tó lè dá Penda lẹ́jọ́, ó yẹ kí a mọ irú ayé tó bá. Kò tíì sí orílẹ̀-èdè tó ń jẹ́ England nígbà náà. Àwọn ará Róòmù ti fi erékùṣù náà sílẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 410, àwọn Angle àti Saxon tí wọ́n gba orí òkun wá sì ti dá oríṣiríṣi ìjọba sílẹ̀ ní ìlà-oòrùn àti gúúsù, nígbà tí àwọn onílẹ̀, ìyẹn àwọn baba ńlá àwọn ará Wales, di ìwọ̀-oòrùn mú ṣinṣin. Mercia wà láàárín gbùngbùn, lẹ́bàá odò Trent, kò ní etíkun, kò ní òkè gíga tó lè fẹ̀yìn tì, ọ̀tá sì lè gba igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọ̀ ọ́. Northumbria, tó wà lókè lọ́hùn-ún, ló lágbára jù, àwọn ọba rẹ̀ sì ń fẹ́ kí gbogbo ọba yòókù máa forí balẹ̀ fún wọn. Ẹ̀sìn Kristẹni ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé ni. Ọdún 597 ni Augustine àti àwọn mọ́ǹkì rẹ̀ gúnlẹ̀ sí Kent láti Róòmù, nígbà tí Penda sì fi ń jagun, àwọn ọba kan ti ṣe ìrìbọmi, àwọn kan kò ṣe é, àwọn kan ṣe é tán tí wọ́n tún padà sídìí òrìṣà.

Oúnjẹ, ọtí, oyin àti màlúù ni àwọn àgbẹ̀ ń mú wá fún ọba. Ogun ló ń mú wúrà wá. Kò sí ọmọ ogun tí ìjọba ń san owó oṣù fún. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin tí wọ́n mọ ohun ìjà í lò máa ń tẹ̀ lé ọba tó bá lè fún wọn ní idà, ẹṣin, wúrà àti ilẹ̀, bí ọwọ́ ọba náà bá sì gbẹ, wọn á wá ẹlòmíràn lọ. Ọba tó bá jókòó jẹ́ẹ́ sílé kò ní pẹ́ dá jókòó. Ní oṣù Keje ọdún 2009, ọkùnrin kan tó ń fi ẹ̀rọ wá irin kiri inú oko kan nítòsí Hammerwich ní Staffordshire, nínú ilẹ̀ tí í ṣe ojúlówó Mercia, kan ìṣúra kan tí kò sírú rẹ̀ rí: wúrà tó súnmọ́ kìlógíráàmù 4, fàdákà tó lé ní kìlógíráàmù kan, àti òkúta pupa wẹ́wẹ́ tí wọ́n tò sára wúrà. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ jẹ́ ọ̀ṣọ́ èèkù idà àti ti ìhámọ́ra, tí wọ́n já kúrò lára ohun ìjà, wọn kò sì rí ẹ̀gbà tàbí ohun ọ̀ṣọ́ obìnrin nínú rẹ̀. Àwọn onímọ̀ fojú bù ú pé láàárín ọdún 650 sí 675 ni wọ́n rì í mọ́lẹ̀, ìyẹn ìparí ayé Penda àti ìgbà àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹni tó bá wo àwòrán àwọn wúrà náà yóò mọ ohun tí àwọn ọba wọ̀nyí ń bára wọn jà lé lórí.

Ọmọ Pybba ni Penda, láti ìdílé ọba tí wọ́n máa ń ka baba ńlá wọn dé ọ̀dọ̀ òrìṣà Woden. Ìwé ìtàn ọdọọdún àwọn Gẹ̀ẹ́sì dárúkọ rẹ̀ ní ọdún 628, nígbà tó bá Cynegils àti Cwichelm, àwọn ọba Wessex, jà ní Cirencester, tí wọ́n sì wá jọ ṣe àdéhùn. Ṣùgbọ́n ogun tó sọ ọ́ di ẹni tí gbogbo erékùṣù mọ̀ ni ti Hatfield, ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹwàá ọdún 633, níbi tí òun àti Cadwallon, ọba Gwynedd ní Wales, ti pa Edwin. Edwin ni ọba tó lágbára jù nígbà náà, òun sì ni ọba Kristẹni àkọ́kọ́ ní Northumbria. Wọ́n gbé orí rẹ̀ lọ sí York.

Ibí yìí ni mo ti kọ́kọ́ dúró kà lẹ́ẹ̀mejì. Kristẹni ni Cadwallon, abọ̀rìṣà sì ni Penda. Bede tí ì bá rọra di ẹ̀bi ìparun Northumbria ru kèfèrí, kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó sọ ọ́ ní gbangba pé Cadwallon burú ju kèfèrí lọ, pé kò dá obìnrin sí, kò dá ọmọdé sí, àti pé ńṣe ló ń gbèrò láti pa ìran àwọn Gẹ̀ẹ́sì rẹ́ kúrò ní erékùṣù náà. Kò pẹ́ tí Oswald fi pa Cadwallon ní Heavenfield ní ọdún 634. Penda ní tirẹ̀ ti padà sílé ó sì ń tún Mercia tò.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo ń gbèjà rẹ̀ láìwo ẹ̀yìn. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Edwin, Eadfrith, sá tọ Penda lọ nígbà tí ogun le, Penda sì búra fún un pé kò ní pa á, ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ó pa á. Ọ̀rọ̀ ìbúra kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré láàárín àwọn tó ń bọ Woden, gẹ́gẹ́ bí kì í ti í ṣe ọ̀rọ̀ eré láàárín àwọn tó ń bọ Ògún. Ẹni tó bá búra tó sì dalẹ̀, ẹ̀bi rẹ̀ kì í ṣe ohun tí ọ̀tá lásán hùmọ̀. Ohun tí mo lè sọ ni pé Oswald ti jọba ní Northumbria nígbà tí wọ́n pa Eadfrith, ọmọ Edwin tó wà láàyè sì jẹ́ ewu fún Oswald ju bó ṣe jẹ́ fún Penda lọ, nítorí náà ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé láti fi tẹ́ Oswald lọ́rùn ni wọ́n ṣe pa á. Èyí kò wẹ Penda mọ́.

Lẹ́yìn náà ló kọjú sí East Anglia, ìtàn tó sì ti ibẹ̀ jáde ni mo rò pé ó bani nínú jẹ́ jù nínú gbogbo ohun tí Bede kọ nípa rẹ̀. Sigeberht, ọba ibẹ̀, ti lo apá kan ayé rẹ̀ nígbèkùn ní ilẹ̀ Gaul, ìyẹn Faransé òde òní, kó tó padà wá jọba. Ó dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé, ó gba Bíṣọ́ọ̀bù Felix tọwọ́tẹsẹ̀, nígbà tó sì yá ó gbé adé fún Ecgric, ìbátan rẹ̀, ó fárí, ó wọ ilé àwọn mọ́ǹkì. Nígbà tí ogun Mercia ń bọ̀, tí àwọn èèyàn rẹ̀ rí i pé agbára àwọn kò ká a, wọ́n lọ bẹ ọba àtijọ́ náà pé kó jáde wá, kí àwọn ọmọ ogun lè rí i kí wọ́n má sì sá, torí akíkanjú ajagun ni nígbà ayé rẹ̀. Ó kọ̀. Wọ́n wọ́ ọ jáde tipátipá dé ojú ogun. Ó rántí ẹ̀jẹ́ tó jẹ́, ó ní òun kò ní gbé idà, ọ̀pá kan ṣoṣo ló mú lọ́wọ́. Wọ́n pa á, wọ́n pa Ecgric, ogun wọn sì tú ká. Nígbà tí mo sọ ìtàn yìí fún àwọn ará ilé, ìbéèrè tí wọ́n bi mí ni pé ta ló jẹ̀bi, ẹni tó gbé ogun wá ni tàbí àwọn tó wọ́ bàbá tó ti fi ayé sílẹ̀ wá síbi tí kò ti ní ohun ìjà. Bede kò dá ẹnì kankan lẹ́bi, ó kàn sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ló tẹ̀ síwájú.

Ọjọ́ 5 oṣù Kẹjọ ọdún 642 ni Penda àti Oswald pàdé ní Maserfield, tí ọ̀pọ̀ òpìtàn gbà pé ó jẹ́ Oswestry lónìí, nítòsí ààlà Wales. Ọmọ ọdún 38 ni Oswald nígbà tó kú. Bí ìlú Oswestry bá jẹ́ ibi ìjà náà lóòótọ́, a jẹ́ pé Oswald ló rìn jìnnà kúrò nílé wá bá ogun, bí Bede tilẹ̀ pè é ní ẹni tó kú fún ilẹ̀ baba rẹ̀. Nígbà tí àwọn ọ̀tá yí i ká, ó gbàdúrà fún ọkàn àwọn ọmọ ogun rẹ̀, àdúrà náà sì di òwe lẹ́nu àwọn ará Northumbria. Penda ní kí wọ́n gé orí àti ọwọ́ rẹ̀, kí wọ́n sì fi kọ́ sórí igi. Ọdún kan ni wọ́n wà níbẹ̀ kí Oswiu, àbúrò Oswald tó jọba lẹ́yìn rẹ̀, tó wá kó wọn lọ: orí lọ sí Lindisfarne, ọwọ́ lọ sí Bamburgh. Àwọn òpìtàn kan sọ pé ẹbọ sí Woden ni, torí òrìṣà yẹn ni wọ́n máa ń rọ òkú kọ́ igi fún. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n orí Edwin náà kò bá a lọ sínú ilẹ̀, àwọn Kristẹni sì wà lára àwọn tó pa á. Nínú ayé yẹn, orí ọba tó ṣubú jẹ́ ìkéde tí kò nílò akéde. Èyí tó yani lẹ́nu ni ohun tó tẹ̀ lé e. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í bu iyẹ̀pẹ̀ ibi tí Oswald ṣubú sí, wọ́n ń pò ó mọ́ omi fún aláìsàn mu, títí ihò ibẹ̀ fi jìn tó ènìyàn ní ìdúró.

Ẹ tún rántí orúkọ Eowa. Ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò Penda ni, ọmọ Pybba bíi tirẹ̀, àwọn ìwé àwọn ará Wales sì sọ pé òun náà kú ní Maserfield. Àwọn òpìtàn mélòó kan rò pé lẹ́yìn Oswald ló wà, pé Oswald ti ń lò ó láti fi di Mercia mú. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀tá ìdílé ni Penda pa pọ̀ mọ́ ọ̀tá ìta lọ́jọ́ náà. A ó tún padà kan Eowa.

Lẹ́yìn Maserfield, kò sẹ́ni tó tó o. Ó wọ Northumbria lọ títí dé Bamburgh, ibi odi ọba. Orí àpáta dúdú kan létí òkun ni odi náà wà, ẹni tó bá sì ti gba ọ̀nà Kàdúná kọjá lẹ́bàá Àpáta Zuma yóò mọ̀ pé irú ibẹ̀ kì í ṣe ibi tí ènìyàn ń fi àkàbà gùn. Nígbà tí kò ṣeé gbà, Penda ní kí wọ́n wó gbogbo ilé abúlé tó wà yí ká, wọ́n kó igi, ẹ̀ka àti koríko òrùlé jọ bí òkè sí ara odi, wọ́n sì fi iná sí i nígbà tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ síhà ìlú. Bíṣọ́ọ̀bù Aidan wà ní erékùṣù Farne, ó rí èéfín, ó gbójú sókè, ó ní kí Olúwa wo ibi tí Penda ń ṣe. Bede ní afẹ́fẹ́ yí padà lójú ẹsẹ̀, iná sì gbá àwọn tó dá a. Iṣẹ́ ìyanu ni Bede fẹ́ kí a rí níbẹ̀. Èmi ń wo àwọn ará abúlé tí wọ́n wó ilé wọn, tí a kò dárúkọ ẹnì kankan nínú wọn.

Ní Wessex, ọ̀rọ̀ àna ló dá ogun sílẹ̀. Cenwalh fẹ́ arábìnrin Penda, ó kọ̀ ọ́ sílẹ̀, ó sì gbé obìnrin mìíràn wọlé. Ní ọdún 645, Penda lé e jáde nílùú. Ọ̀dọ̀ Anna ní East Anglia ló sá lọ, ibẹ̀ ló sì ti di Kristẹni. Ó fi ọdún mẹ́ta ṣe àlejò kó tó padà sórí ìtẹ́ rẹ̀, Penda kò sì gbàgbé ilé tó gbà á, nítorí òun ló pa Anna nígbà tó yá. Kò sí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn kankan nínú ìyẹn. Ẹni tó bá mọ bí ilé àna ṣe ń rí láàárín tiwa kò nílò àlàyé.

Apá tó mú mi jókòó ti ọ̀rọ̀ Penda nìyí. Ní ọdún 653, ọmọ rẹ̀ Peada, tí bàbá rẹ̀ ti fi jọba lórí àwọn Middle Angle, ẹ̀yà kan lábẹ́ Mercia, lọ sọ́dọ̀ Oswiu pé òun fẹ́ fẹ́ Alhflæd ọmọ rẹ̀. Oswiu ní àfi kó gba Kristi kó sì ṣe ìrìbọmi pẹ̀lú àwọn èèyàn rẹ̀. Peada ní òun yóò di Kristẹni bí wọn kò tilẹ̀ fún òun ní ọmọ náà, Alhfrith ọmọ Oswiu ló sì yí i lọ́kàn padà jù, Alhfrith yìí sì ni ọkọ Cyneburh, ọmọbìnrin Penda. Bíṣọ́ọ̀bù Finan ṣe ìrìbọmi fún Peada. Àlùfáà mẹ́rin ló bá a padà sílé, orúkọ wọn ni Cedd, Adda, Betti àti Diuma, wọ́n sì ń wàásù fún tẹrútọmọ. Ẹ fojú inú wò ó: Penda ti pa ẹ̀gbọ́n Oswiu, ó ti gbìyànjú láti sun ilé Oswiu, ó sì tún fi ọmọ fún ọmọ Oswiu, ó tún gbà kí ọmọ òun fẹ́ ti Oswiu.

Bede wá kọ gbólóhùn tó jẹ́ pé, bí ó bá jẹ́ òǹkọ̀wé tí kò bẹ̀rù Ọlọ́run ni, ì bá yọ ọ́ kúrò. Ó ní Penda kò dá ìwàásù dúró, kódà láàárín àwọn ará Mercia tí ó ń jọba lé lórí, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ gbọ́. Àwọn tí Penda kórìíra tó sì ń fojú tẹ́ńbẹ́lú ni àwọn tó bá ti gba ẹ̀sìn Kristi tán tí wọn kò sì hu ìwà rẹ̀. Ó ní aláìníláárí ni ẹni tí kò bá lè gbọ́ràn sí Ọlọ́run tí òun fúnra rẹ̀ gbà gbọ́.

Nígbà tí mo ka ibí yìí sókè fún Alhaji kan tí a jọ ń gbé àdúgbò ní Kubwa, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ rín. "Bàbá tiwa gan-an nìyẹn," ló wí. "Ní Òṣogbo, nígbà tí àbúrò mi obìnrin fẹ́ fẹ́ ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, ohun tí bàbá wa sọ ò ju pé kó má lọ sun oorun ọjọ́ Sunday." Mo ní, "Ẹ̀yin wá ńkọ́, Alhaji, ṣé ẹ fọwọ́ sí i?" Ó wò mí. "Èmi tí mo ń jẹ ìrẹsì Kérésìmesì níbẹ̀ lọ́dọọdún, kí ni kí n ní mo sọ?" Ilé Yorùbá tó pọ̀ ní Àbújá níbí ni bàbá ti ń lọ sí mọ́sálásí, tí ìyá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tí ẹ̀gbọ́n bàbá sì ń bọ Ọ̀ṣun nílé, nítorí náà ìwà Penda kò ṣàjèjì sí wa bí ó ti jọ pé ó ṣàjèjì sí àwọn òǹkàwé Bede. Ṣùgbọ́n mo sọ fún Alhaji pé ọgbọ́n ìjọba náà wà níbẹ̀: bí ọmọ Penda bá di àna Northumbria tí ó sì ní àlùfáà tirẹ̀, Oswiu kò ní ẹ̀sìn láti fi gba àwọn Middle Angle mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó gbà pẹ̀lú mi, ó ní bàbá òun náà gbọ́n.

Ìdí tí Penda fi tún gbé ogun lọ bá Oswiu ní ọdún 655, lẹ́yìn gbogbo ìgbéyàwó wọ̀nyí, kò ṣòro láti fòye mọ̀, nítorí Oswiu kò jọ ẹni tó fẹ́ máa san ìṣákọ́lẹ̀ títí ayé. Penda kó ọmọ ogun ọgbọ̀n ọ̀wọ́ lọ, olórí kọ̀ọ̀kan wọn sì jẹ́ ọmọ ọba tàbí ìjòyè ńlá. Æthelhere, àbúrò Anna tó jọba lẹ́yìn rẹ̀ ní East Anglia, wà pẹ̀lú rẹ̀. Cadafael ti Gwynedd wà níbẹ̀. Œthelwald, ọmọ Oswald gan-an, ló ń fi ọ̀nà hàn wọ́n lòdì sí àbúrò bàbá rẹ̀. Ecgfrith ọmọ Oswiu, tó ṣì kéré, wà ní Mercia gẹ́gẹ́ bí ìdógò lọ́dọ̀ Olorì Cynewise, ìyàwó Penda.

Ọ̀rọ̀ wá pín sí méjì níbí. Bede ní Oswiu fi ìṣúra tí ẹnu kò lè sọ lọ Penda kó lè padà sílé, Penda sì kọ̀ ọ́ nítorí ó ti pinnu láti pa gbogbo ìran Northumbria run. Ìtàn kan tí wọ́n kọ ní Wales ní ọ̀rúndún kẹsàn-án ní Penda gba ìṣúra náà, ó sì pín in fún àwọn ọba Wales tó bá a lọ. Ti Wales ni mo gbà. Ọba tó bá gba owó tán, tí ó ń pín in, tí ó ń darí lọ sílé, òun ni àwọn alájọṣe rẹ̀ máa ń fi sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan nítorí olúkúlùkù ti gba tirẹ̀. Ibi tí wọ́n sì ti jà, lẹ́bàá odò Winwæd ní agbègbè Leeds, jìnnà púpọ̀ sí àríwá tí Oswiu sá lọ, ó sì wà ní ọ̀nà tí ẹni tó ń lọ sí Mercia máa gbà.

Ọjọ́ 15 oṣù Kọkànlá ni. Kí ogun tó bẹ̀rẹ̀, Oswiu jẹ́jẹ̀ẹ́ pé bí òun bá borí, òun yóò fi ọmọ òun obìnrin, Ælfflæd, tí kò tíì ju ọmọ ọdún kan lọ, fún Ọlọ́run, òun yóò sì fi oko 12 fún àwọn mọ́ǹkì. Cadafael ti dìde lóru ó kó àwọn ọmọ ogun rẹ̀ lọ, wọ́n sì fi orúkọ ẹ̀sín sọ ọ́ ní Wales títí láé, ẹni tó sá fún ìjà. Œthelwald yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó dúró síbi tí ewu kò sí, ó ń wo ẹni tí yóò borí. Òjò ti rọ̀ púpọ̀, odò Winwæd ti kún bo bèbè, Bede sì sọ pé àwọn tí omi gbé lọ nígbà tí wọ́n ń sá pọ̀ ju àwọn tí idà pa lọ. Æthelhere kú. Penda náà kú, àti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo àwọn olórí ogun rẹ̀.

Oswiu gba Mercia fún ọdún mẹ́ta, ó sì fi Peada àna rẹ̀ jọba lórí apá gúúsù odò Trent. Nígbà Àjíǹde tó tẹ̀ lé e, wọ́n pa Peada, wọ́n sì ní ìyàwó rẹ̀, Alhflæd, ló dà á. Ní ọdún 658, àwọn ìjòyè mẹ́ta, Immin, Eafa àti Eadbert, dìtẹ̀ lé Oswiu, wọ́n lé àwọn ajẹ́lẹ̀ rẹ̀ jáde, wọ́n sì mú Wulfhere, ọmọ Penda tí wọ́n ti fi pamọ́, wọ́n fi í jọba. Kristẹni ni Wulfhere. Cyneburh àti Cyneswith, àwọn ọmọbìnrin Penda, di ẹni mímọ́ nínú ìjọ. Àrọ́mọdọ́mọ Penda di orí ìtẹ́ mú títí di ọdún 716, nígbà tí Ceolred kú. Ẹni tó jẹ lẹ́yìn rẹ̀ ni Æthelbald, ọmọ ọmọ Eowa, ìyẹn Eowa tó kú ní Maserfield, láti inú ìran Eowa yìí kan náà sì ni Offa ti wá, tó jọba láti 757 sí 796. (Kò bá ìlú Ọ̀fà ní Kwara tan o, ẹ má bi mí.) Ẹyọ owó wúrà kan tí Offa rọ, tí wọ́n wo dínárì Kálífà al-Mansur ti Baghdad ṣe, wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù, orúkọ Offa sì doríkodò láàárín kálímà Lárúbáwá, torí ẹni tó rọ ọ́ kò mọ ohun tó ń kọ.

Æthelred, ọmọ Penda mìíràn, ló jọba lẹ́yìn Wulfhere ní ọdún 675. Ó fẹ́ Osthryth, ọmọ Oswiu, ọmọ àbúrò Oswald. Osthryth yìí kó egungun Oswald lọ sí ilé àwọn mọ́ǹkì ní Bardney ní Lindsey, ibi tí òun àti ọkọ rẹ̀ fẹ́ràn gan-an. Àwọn mọ́ǹkì kò ṣílẹ̀kùn. Bede tó jẹ́ ará Northumbria ló kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ láìfi nǹkan bò ó: wọ́n mọ̀ pé ẹni mímọ́ ni Oswald, ṣùgbọ́n ó ti ìlú mìíràn wá, ó sì ti fi agbára jọba lé wọn lórí, nítorí náà ìkórìíra rẹ̀ kò tíì kúrò lọ́kàn wọn àní lẹ́yìn ikú rẹ̀. Egungun náà sun ìta nínú kẹ̀kẹ́ ẹrù lábẹ́ àgọ́ ní gbogbo òru, ọ̀wọ̀n ìmọ́lẹ̀ sì dúró lórí rẹ̀ títí dé ọ̀run, kí wọ́n tó bẹ̀bẹ̀ láàárọ̀ pé kí wọ́n gbé e wọlé. Ní ọdún 697, àwọn ìjòyè Mercia pa Osthryth. Ní ọdún 704, Æthelred bọ́ adé sílẹ̀, ó lọ sí Bardney, ó sì di olórí àwọn mọ́ǹkì tó ń tọ́jú egungun ọba tí bàbá rẹ̀ pa.